Ilé Dígí tí Mo Gbé Wálé fún Apọ́nbéporé

Òjò yìí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dé oko lónìí. Ẹ sún mọ́ ìhín, ẹ̀yin ará ilé àti ará àdúgbò, ẹ jẹ́ kí àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà náà rí ibi jókòó sí. Ẹni tí oorun bá ń kùn, kí ó yáa sùn nísinsìnyí, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kò ní ibùdókọ̀ láàrin. Bí ẹ bá ti bá mi wọ inú rẹ̀, ó di òdìkejì kí ẹ tó sọ̀.

Ìyá Akínkúnmi, ìyàwó onílé mi, ni ó fà á. Láàárọ̀ yìí ni ó gbé ìgbálẹ̀ wọ yàrá mi, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe láti ìgbà tí ẹ̀yìn mi kò ti ṣeé tẹ̀ mọ́. Ó rí kèrègbè tí mo fi kọ́ òpó, ó yọ ìdérí rẹ̀, ó gbóòórùn omi inú rẹ̀, ó ní, “Baba Ọdẹ, omi yìí ti ń rùn bí ẹrẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n dà á nù, kí n fi ọṣẹ fọ kèrègbè náà fún yín.” Igbe tí mo ké, gbogbo yín ni ẹ gbọ́ ọ. Ewúrẹ́ já okùn. Ìyá Akínkúnmi ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó jáde, kò sì tíì bá mi sọ̀rọ̀ títí di ìsinsìnyí tí ó kẹ̀yìn sí mi yìí.

Ìyá Akínkúnmi, má bínú. O kò ṣe ibi. Ẹni tí ó kọ́kọ́ fi ọṣẹ ba ayé mi jẹ́ náà kò ṣe ibi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rí mi lónìí tí mo ń fi ọ̀pá wá ẹnu ọ̀nà, ẹ má rò pé bí a ti bí mi nìyí. Èmi ni Ọdẹ́ṣínà. Nígbà tí ara mi ṣì le, bí mo bá húkọ́ nínú igbó, ẹfọ̀n á dúró kí n kọjá kí ó tó máa jẹun lọ. Iwin tó bá rí ẹsẹ̀ mi nínú eruku á yà sí ọ̀nà mìíràn, á ní òun gbàgbé nǹkan sílé. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ máa rín in lọ. Ẹni tí kò tíì rí ẹja tó ń sọ̀rọ̀ lè fi ohunkóhun rẹ́rìn-ín.

Ìlú etí omi ni ìyàwó mi, Ọ̀ṣúntóyìn, ti wá. Ọjọ́ tí wọ́n sìn ín wá sílé wa, gbogbo ayé ń retí àpótí aṣọ. Igbá kan ni ó gbé dání. Omi ni ó wà nínú igbá náà, ẹja kan ni ó wà nínú omi náà, kò ju àtàǹpàkò mi lọ, ó sì pọ́n roro bí epo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná. Apọ́nbéporé ni ó ń pè é. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àwẹ́ni, tí ó ti padà sí agbo ilé wa láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, yọjú wo inú igbá, ó ní:

“Ìyàwó, ẹja yìí mà kéré fún ọbẹ̀.”

Ìyàwó mi kúnlẹ̀, ó ní, “Ìyá ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, àbúrò mi ni.”

Bí wọ́n ti rín ẹ̀rín títí tí ẹ̀rín fi kú sí wọn lẹ́nu nìyẹn.

Ọ̀ṣúntóyìn wá ìkòkò dúdú ńlá kan, ó kó òkúta wẹ́wẹ́ láti odò sí ìdí rẹ̀, ó gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí oòrùn kì í dé, ó sì fi ẹja rẹ̀ sí i. Kì í fọ ìkòkò náà. Nígbà tó bá yá, yóò bu igbá kan jáde nínú omi rẹ̀, yóò bu igbá kan tuntun dípò rẹ̀, ó parí. Inú ìkòkò náà ń yọ̀ bí ẹ̀yìn ẹja àrọ̀. Àwẹ́ni a máa yínmú sí i, a ní ìyàwó ọdẹ dára lóòótọ́ ṣùgbọ́n ọ̀lẹ ni nídìí ìkòkò.

Nígbà tí a bí ọmọbìnrin wa, Àyọ̀ká, ọmọ náà kò ké. A lù ú ní ìdí, kò ké. A fẹ́ atẹ́gùn sí i nímú, kò ké. Ìyá rẹ̀ nawọ́, ó ní kí wọ́n gbé ọmọ òun lọ sí ìdí ìkòkò. Ó ki ìka bọ inú omi náà, ó fi kan ètè ọmọ. Ẹja náà ta pọ́ún nínú omi, ọmọ náà sì ké. Gbogbo wa ń dúpẹ́, a kò bi í léèrè ohun tí ó ṣe. Ohun tí ó ṣe ni pé ó so èémí àwọn méjèèjì pọ̀. Ó kú kí ó tó sọ fún ẹnikẹ́ni. Ibà ni, ibà lásán, ó wọlé tọ̀ ọ́ bí ẹni tó wá yá iná, ó sì gbé e lọ. Àyọ̀ká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń ru omi láìsí òṣùká nígbà náà.

Ẹ gbọ́ àṣà agbo ilé wa. Bí obìnrin ilé bá kú, tí ọ̀fọ̀ bá parí, àgbà obìnrin tó wà nílé ni yóò kó gbogbo ìkòkò olóògbé, yóò fi eérú àti ọṣẹ dúdú fọ̀ wọ́n, yóò dà wọ́n dé sínú oòrùn, kí ọwọ́ òkú lè kúrò lára wọn, kí ó má baà máa padà wá wo ohun tó gbé kaná. Àwẹ́ni fọ̀ wọ́n tẹkún tẹkún. Nígbà tí ó dé orí ìkòkò ẹja, ó ní, “Èyí tí ìyàwó wa fẹ́ràn jù ni n óò fọ̀ mọ́ jù.” Ó bu Apọ́nbéporé sínú abọ́, ó da omi àtijọ́ náà sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó fi kànìnkànìn ha ara ìkòkò títí tí ó fi ń dún bí awo tuntun. Ó fọ òkúta wọ̀nyẹn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń fọ eyín ọmọdé. Ó sá gbogbo rẹ̀ sóòrùn. Ó fa omi tútù nínú kànga, ó sì dá ẹja padà sínú ilé rẹ̀ tó ń dán. Kò sí ìfẹ́ tó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹja náà wà lókè omi tó ń la ẹnu. Pípọ́n ara rẹ̀ ti di eérú. Lórí ẹní, Àyọ̀ká náà ń la ẹnu. Bí ẹja bá mí, ọmọ á mí. Bí ẹja bá dúró, ọmọ á dúró, àwa náà á dúró. Ibi tí mo ti ń wo ọ̀tún wo òsì, ìkòkò tí oòrùn ti pa náà sán wáá, omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ jáde lára rẹ̀. Àwẹ́ni sáré gbé ọpọ́n onígi wá, a da ẹja àti omi tó kù sínú rẹ̀. Nígbà náà ni Apọ́nbéporé la ẹnu, ṣùgbọ́n ẹnu ọmọ mi ni ohùn ti jáde.

Ó ní, “Ọdẹ́ṣínà, ìkòkò yẹn ti kú. Àwọn aláìrí tí ń bá mi gbé inú rẹ̀ ti kú sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Wá ilé mìíràn fún mi, ilé tí ọmọ yìí yóò ti máa rí mi gaara. Kí o sì wá àwọn tí yóò bá mi gbé inú rẹ̀. Sọ fún ìyá yìí kí ó máa bu omi ọpọ́n, kí ó máa dà á padà láti òkè, kí ó má dúró. Ọjọ́ tí ikùn mi bá yí sókè, ti ọmọ rẹ náà yóò yí sókè.”

Mo ní, “Níbo ni kí n gbà?”

Ó ní, “Ibi tí òùngbẹ bá ti fẹ́ pa ọ́ ni ọ̀nà.”

Àwẹ́ni ti gbọ́. Kò sunkún. Ó jókòó ti ọpọ́n náà, ó mú igbá, ó bu, ó dà, ó bu, ó dà. Bí mo ti fi í sílẹ̀ nìyẹn, tí mo gbé ìbọn ṣakabùlà mi kọ́ èjìká, tí mo di iyọ̀ díẹ̀ sínú àpò ọdẹ mi, nítorí ọdẹ tó bá wọgbó láìní iyọ̀, ẹran tó bá pa á rà.

Igbó Òùngbẹ ni mo wọ̀. Ẹ má bi mí bí ó ti jìnnà tó. Igbó tí ẹ kò ní í lọ, kí ni ẹ fẹ́ fi jíjìn rẹ̀ ṣe? Igi ibẹ̀ kò ní ewé, ètè ni wọ́n ní, ètè tó sán, tó ń bẹ̀bẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ a máa la tẹ̀lé ènìyàn bí ajá. Mo rí egungun àwọn tó ti kọjá ṣáájú mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn di kèrègbè tó ṣófo mọ́ àyà bí ìyá tó di ọmọ mọ́ra. Ibẹ̀ ni olórí àwọn iwin igbó náà ti pàdé mi, èyí tí wọ́n ń pè ní Ọ̀fun-ò-kún. Ọrùn rẹ̀ ga bí ọ̀pẹ, ikùn rẹ̀ rí bí àká tí wọ́n kó iṣu kúrò nínú rẹ̀.

Ó ní, “Ọdẹ, mo ti mu odò tó wà níhìn-ín. Mo ti mu ìrì. Mo ti mu omijé àwọn opó. Kí ni o gbé wá fún mi?”

Mo ní, “Ọta ìbọn ni.”

Mo yìn ín. Ó gbé ọta náà mì, ó gùnfẹ̀, ó ní ó gbẹ jù. Mo tún yìn ín, ó tún gùnfẹ̀. Ó tẹ ọrùn yẹn wálẹ̀, ó gbé ẹnu lé àtàrí mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa òógùn ara mi. Ẹ̀yin ará mi, mo gbọ́ bí ẹ̀jẹ̀ mi ti ń gbéra nílẹ̀ láti àtẹ́lẹsẹ̀. Ọkùnrin mìíràn ìbá ti pe ìyá rẹ̀. Èmi ki ọwọ́ bọ àpò, mo bu ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀, mo sì dà á sínú ọ̀fun rẹ̀. Iyọ̀ wọ ara òùngbẹ. Ó bú ramúramù, ó wá omi lọ́tùn-ún, kò rí, ó wá a lósì, kò rí. Ó wo ara rẹ̀. Ikùn ara rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ mu, ó mu ẹsẹ̀, ó mu apá, títí tí kò fi ku nǹkan kan nílẹ̀ ju ọrùn tó ń gbé mì lásán lọ. Mo fo ọrùn náà kọjá. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá tún fẹ́ rẹ́rìn-ín rín in.

Ìlú tí mo yọ sí ni Ìlú Afínjú. Ojú ọ̀nà wọn mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí òjìji mi ń tijú láti ṣubú lé e. Gbogbo ará ìlú ni ó mú kànìnkànìn lọ́wọ́. Wọ́n ti fọ ara wọn títí tí awọ wọn fi fẹ́lẹ́, mo ń rí ọkàn wọn tó ń lù lábẹ́ ẹ̀wù. Mo wo ìta, n kò rí ọmọdé kan. Mo wo ẹ̀yìn àwọn obìnrin, ọ̀já wà níbẹ̀ tí kò di nǹkan kan. Wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ ọba wọn. Lọ́nà, wọ́n ń fọ ibi tí ẹsẹ̀ mi bá kàn.

Ẹ̀yìn ìtẹ́ ọba náà kún fún ilé dígí, ńlá àti kékeré, omi inú wọn mọ́ bí ojú ọjọ́ lẹ́yìn òjò. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, egungun ẹja kan sùn sílẹ̀, ó funfun, ó mọ́.

Ọba ní, “Ǹjẹ́ o ti rí omi tó mọ́ tó yìí rí, àlejò?”

Mo ní, “Kábíyèsí, n kò rí i rí.”

Ó ní, “Ẹni tó bá wọ ìlú wa, àlọ́ kan ni a ń pa fún un. Bí kò bá já a, a ó fọ̀ ọ́. Ẹni tí ó wọlé ṣáájú rẹ, a fọ̀ ọ́ títí orúkọ rẹ̀ fi bó. Gbọ́ ọ: kí ni ó wà láàyè nígbà tí a kò fọ̀ ọ́, tí a fi ìfẹ́ fọ̀ ọ́, tí ó sì kú?”

Àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ ti ń pọ́n kànìnkànìn wọn lára ògiri. Ṣùgbọ́n ojú ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wa nílé ni mo ń rí. Mo ń rí ẹ̀gbọ́n mi tó ń fọ òkúta ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Mo ní, “Kábíyèsí, ilé ẹja ni. Ẹja kì í dá gbé. Àwọn aláìrí ń bẹ lára ìkòkò rẹ̀, lára òkúta rẹ̀, nínú omi rẹ̀ tó ti pẹ́. Àwọn ni wọ́n ń jẹ ẹ̀gbin rẹ̀. Ẹni tó bá fi ọṣẹ fọ ìkòkò náà ti pa ìlú run, ẹja ni ó kàn kú kẹ́yìn.”

Mo retí kí wọ́n ní mo já a tàbí n kò já a. Ọba sọ̀ kalẹ̀ lórí ìtẹ́, ó rìn lọ sí ibi àwọn ilé dígí rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ọ̀kan.

Ó ní, “A kò mọ ìdáhùn rẹ̀ rí. Ẹja wa kú, a ní bóyá a kò fọ̀ ọ́ mọ́ tó. Àwọn ọmọ wa ń rù, a tún fọ̀ wọ́n. Gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ni a ń bi, kí wọ́n lè sọ ohun tí a ṣe fún wa. Ìwọ ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́.”

Obìnrin kan tí ọ̀já rẹ̀ ṣófo ju kànìnkànìn rẹ̀ sílẹ̀. Òmíràn ju tirẹ̀. Ẹkún tí mo gbọ́ lọ́jọ́ náà, bí mo bá sùn, mo ń gbọ́ ọ. Wọ́n gbé ilé dígí tó gùn bí apá ọkùnrin fún mi, wọ́n ní kí n máa gbé e lọ, kí n má wẹ̀yìn. N kò wẹ̀yìn.

Ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀ ni mo gbé e dé, ní etí adágún kan tí omi rẹ̀ dúdú bí aró. Ewé jíjẹrà ló bò ó lójú. Ìyá arúgbó kan jókòó sínú rẹ̀ dé ìbàdí, ewé omi ni irun orí rẹ̀, ẹja sì ń jẹ̀ káàkiri ara rẹ̀, wọ́n sanra, wọ́n ń dán, wọ́n ń fi ìrù gbá a létí bí ọmọ tí a kẹ́ bàjẹ́.

Mo ní, “Ẹ kú ìjókòó, ìyá.”

Ó ní, “Ta ni afínjú tó ń kí ẹlẹ́gbin? Ìyá Ẹrẹ̀ ni wọ́n ń pè mí. O gbé ilé dání, ọdẹ, o kò kó ènìyàn dání. Ilé tí kò ní ènìyàn, kí ni ẹ ń pè é níbi tí o ti wá?”

“Ahoro ni, ìyá.”

Ó bu ẹ̀kúnwọ́ ẹrẹ̀ ní ìsàlẹ̀ adágún, ó nà án sí mi. “Kí ni èyí?”

“Ẹrẹ̀ ni.”

“Irọ́ lo pa. Ìlú ni. Àwọn tó wà nínú ọwọ́ mi yìí pọ̀ ju àwọn tó ń ná ọjà yín lọ, ojú rẹ ni kò tó wọn. Àwọn lo ń wá.”

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀. “Ìyá, ẹ fún mi nínú wọn. Ẹ gba ìbọn mi.”

“Kí ni n óò fi ìbọn ṣe? Ṣé ẹ̀fọn ni n óò máa yìn?” Ó rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ hu ewé. Nígbà tí ó tún sọ̀rọ̀, kò rẹ́rìn-ín mọ́. “Èmi kì í ta ọjà, ọmọ mi. Bí omi ti rí ni mo ń sọ fún ọ. Igbá tó kún kì í gba omi, àfi kí a bu díẹ̀ dànù nínú rẹ̀. Bí àwọn tèmi yìí bá wọ agbo ilé yín, ẹnìkan ní láti jáde níbẹ̀. N kò ní kí ó kú. Yóò lọ ni, kò sì ní í mu omi ìlú náà mọ́ láyé rẹ̀. Ọjọ́ tí ó bá gbé ẹ̀kún ẹnu kan mì nínú rẹ̀, àwọn tèmi yóò kó ẹrù wọn, ẹja á kú, ohun tí a so mọ́ ẹja á kú.”

“Ta ni ẹni náà?”

“Ta ni ó gbé ilé dání?”

Mo bi í bóyá mo lè sọ fún ọmọ mi. Ó ní, “Bí o bá sọ fún un, kí ni yóò ṣe?” Mo mọ ọmọ mi. Inú odò ni yóò da ẹja náà sí kí n lè jókòó. Mo na ọwọ́ méjèèjì sí i. Ìyá Ẹrẹ̀ rí i pé mo ti dáhùn, ó di ẹrẹ̀ náà sínú ewé tútù, ó gbé e lé mi lọ́wọ́ bí ẹni ń gbé ọmọ tuntun.

Nígbà tí mo wọ ilé, Àwẹ́ni ṣì ń bu omi, ó ṣì ń dà á. Apá rẹ̀ wú dé èjìká. Ó ti gbàgbé pé òun ń ṣe é. Apọ́nbéporé ti fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, etí rẹ̀ kan ló ń mì. Ètè Àyọ̀ká funfun. Gbogbo ara mi ń sọ fún mi pé kí n ju ẹja náà sínú ilé dígí lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Mo fi omi lásán ṣan òkúta odò, n kò fi ọṣẹ kàn án. Mo gbé ilé dígí sórí pèpéle tó tẹ́jú, níbi tí oòrùn kò dé. Mo pọn omi sí i, mo jẹ́ kí omi náà jókòó kí ara rẹ̀ balẹ̀. Lẹ́yìn náà mo tú ẹrẹ̀ Ìyá Ẹrẹ̀ sáàrin òkúta. Mo fi díẹ̀ nínú rẹ̀ sí ọpọ́n náà kí ẹja lè rí nǹkan di mú.

Omi dígí dàrú, ó funfun bí omidùn, ó ń rùn. Àwẹ́ni gbójú sókè.

Ó ní, “Ọdẹ́ṣínà, ṣé ẹ̀gbin ni o lọ ru wá láti inú igbó? Ọmọ ń kú lọ, o ń po ẹrẹ̀ mọ́ omi.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀.”

“N kò jẹ́. Wò ó bí ó ti rí. Ṣé ibi tí wọ́n ń fi ẹja olóògbé sí nìyí?” Ó ti na ọwọ́ sí ọṣẹ.

Mo dì í lọ́wọ́ mú. N kò di ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ mú rí. Mo ní, “Bí ẹ bá fọ̀ ọ́, ẹ̀yin náà ni ẹ ó tẹ́ ẹní tí a ó fi sin ọmọ náà.”

Ọṣẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó padà sídìí ọpọ́n, ó gbé igbá rẹ̀, ó bu, ó dà. Mo bá Ọ̀fun-ò-kún jà, kò rẹ̀ mí tó bí mo ti jókòó ti omi tó dàrú yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé agbára ni ọdẹ ń lò, ẹ lọ jókòó ti omi kí ẹ máa retí kí ó là, nígbà tí ọmọ yín ń mí ìdajì èémí lẹ́yìn yín.

Ó là ní ìyálẹ̀ta ọjọ́ kan, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Mo gbójú sí i, mo rí ògiri òdìkejì gaara. Mo bu ẹja sínú igbá pẹ̀lú omi ọpọ́n rẹ̀, mo gbé igbá náà lé ojú omi tuntun kí ó máa léfòó. Mo fi ìkarahun ìgbín bu omi tuntun sínú igbá díẹ̀díẹ̀, mo dúró, mo tún bu díẹ̀, títí tí ara omi méjèèjì fi di ọ̀kan. Mo wá tẹ etí igbá náà sílẹ̀. N kò tì í. Òun fúnra rẹ̀ ni ó lúwẹ̀ẹ́ jáde. Ó yí i ká lẹ́ẹ̀kan, eérú ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n láti ìrù. Lẹ́yìn mi, Àyọ̀ká fa èémí kan tó gùn dé ìdí, ó sì béèrè ẹ̀kọ.

Ó mu ẹ̀kọ tán, ó rìn wá, ó fi imú kan dígí. “Bàbá, ó ń wò mí.” Àwẹ́ni dojú bolẹ̀ sẹ́bàá ọpọ́n, ó ń sùn. Mo dìde, òógùn bò mí. Ọmọ náà rí i pé ó rẹ bàbá òun. Bí ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ, ó sáré lọ sídìí àmù, ó bu omi tútù sínú ife, ó kúnlẹ̀ níwájú mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án.

“Bàbá, ẹ gba omi.”

Ẹ̀yin ará mi, mo ti la Igbó Òùngbẹ kọjá. N kò mọ òùngbẹ àfi ọjọ́ yẹn.

Mo ní, “Gbé e kalẹ̀, ọmọ mi. Mò ń bọ̀ wá mu ún.”

Mo gbé ìbọn mi kọ́ èjìká bí ẹni ń lọ wo pàkúté, mo sì jáde. N kò tíì padà. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n ẹ̀yin rí mi, ẹ kò sì bi mí léèrè rí ìdí tí n kò fi ń relé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, oníṣòwò obì kan tó sùn nílé yìí bi mí bóyá èmi ni ọdẹ tó fi ọmọ sílẹ̀. Ó ti ń gbé kèrègbè kan káàkiri, ó ń bi gbogbo ọdẹ tó bá rí. Ó ní ìyá ọlọ́mọ kan ni ó rán òun, ó ń jẹ́ Àyọ̀ká, ara rẹ̀ le, ẹja pupa kan tó tó ọwọ́ ènìyàn wà nínú dígí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ̀ ọ́. Ó ní, “Ó ní kí n sọ fún yín pé omi tí ẹ ní ẹ ń bọ̀ wá mu nìyí. Ó sì ní kí n bi yín pé kí ni òun ṣe tí ẹ fi lọ.”

Wọ́n ní omi tí ènìyàn yóò mu kì í ṣàn kọjá rẹ̀. Tèmi tọ̀ mí wá títí dé orí òpó yàrá mi. Mò ń wò ó láàárọ̀, mò ń wò ó nírọ̀lẹ́, n kò sì lè fi tọ́ ètè wò. Oníṣòwò náà dúró kí n fún òun lésì. Mo ní kí ó máa lọ.

Èsì náà ni mo pè yín láti gbọ́, n kò sì fẹ́ kí ó dé etí rẹ̀ nísinsìnyí. Bí mo bá kú, ẹ̀yin ọkùnrin ilé yìí ni yóò wẹ̀ mí. Ẹ má fi ọṣẹ kàn mí. Ẹ má fi kànìnkànìn ha mí. Omi kèrègbè yẹn ni kí ẹ fi wẹ̀ mí. Òkú kì í gbé omi mì, Ìyá Ẹrẹ̀ kò sì ní ẹjọ́ kankan láti bá mi rò mọ́.

Ìyá Akínkúnmi ti kọjú sí mi báyìí. Ó ti dìde, ó ti gbé kèrègbè náà wá láti yàrá, ó ń fi ìka tẹ ìdérí rẹ̀ kí ó lè dé dáadáa.

Ó ní, “Baba Ọdẹ, omi yìí kò pọ̀. Ṣé ó máa tó yín?”

Yóò tó. Ẹ fi bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ ni ó jáde. Kí ẹ fi ìwọ̀nba sílẹ̀ fún ẹnu mi, kí ẹ dà á sí ètè mi nígbẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà, kí ẹnìkan nínú yín gbé kèrègbè òfìfo náà lọ fún Àyọ̀ká, kí ó ròyìn gbogbo ohun tí mo sọ yìí fún un. Kí ó sọ fún un pé kò ṣe nǹkan kan, àti pé bàbá rẹ̀ ti mu ún.